Ilé Tí Káfíńtà Kò Kàn

Irọ́ pọ̀ nínú fíìmù, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé. Ìyàwó rẹ̀ wà láyé. Káfíńtà tọ́rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ wà láyé pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè.

Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Iṣẹ́ gígé fíìmù ló ń ṣe. Bí wọ́n bá ya fíìmù tán, òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń gé èyí tí kò dára dànù, tó ń so èyí tó dára pọ̀ mọ́ra. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí òṣèré kan bá ń sunkún, Àlùmọ́gàjí á mọ ibi tí ẹkún ti parí tí àṣejù ti bẹ̀rẹ̀, á sì gé e síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé Ọ̀gá Àjálù ló ń bá ṣiṣẹ́.

Fíìmù àjálù ni Ọ̀gá Àjálù ń ṣe. Iná tó jó ìlú run. Ilẹ̀ tó mì tí ilé fi wó. Ìjì. Èèrà tó tóbi ju ọkọ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló burú. N kò sọ pé kò dára tó. Mo ní ó burú. Ilẹ̀ á máa mì, àwọn òṣèré á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì bí ẹni tó mutí yó, ife omi tó wà lórí tábìlì níwájú wọn kò sì ní mira rárá. Èèrà ńlá ọ̀hún, fóòmù àlòkù ni wọ́n fi rán an, síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń hàn. Òkè tó ń pọ iná, tòmátò alágolo ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan á sáré wọlé, á wo ojú kámẹ́rà, á ní, "Gbogbo wa la máa kú!" bí ẹni tó ń kéde pé ọkọ̀ ti dé.

Ohun tó ń dun Àlùmọ́gàjí jù ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Fíìmù àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Àjálù ṣe, tọkàntọkàn ló fi ṣe é. Ó làágùn sí i. Ó pàdánù oorun sí i. Ó burú síbẹ̀, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó dun ọkùnrin náà dọ́kàn. Ìgbà tó yá ló rí i pé ẹ̀rín náà kò tán. Wọ́n ń fi fíìmù náà ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún gbìyànjú àtiṣe dáadáa mọ́ láyé rẹ̀.

"Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣubú, a lè rín in, ká sì fà á dìde," Àlùmọ́gàjí máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú láàárín ọ̀nà lójoojúmọ́, tó wá ń fi ojú kan yọ́ wa wò bóyá à ń rẹ́rìn-ín, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ìránù ni. Ìránù aláṣọ ńlá."

Ìyàwó rẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni obìnrin náà. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà wà o, oníbàárà kò sí o, fíìmù Ọ̀gá Àjálù ló máa ń wà lórí fóònù tó gbé ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ inú wọn sórí. Òun àti obìnrin kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn, tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín, á jọ máa kígbe pé "Gbogbo wa la máa kú!" wọ́n á sì máa fọwọ́ lu itan.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń rí nínú pàǹtí yìí gan-an?" ọkọ bi í lọ́jọ́ kan.

Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. "Olówó orí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé e, ẹ ò rí i? Ẹ wò ó. Ìjì gbé ọkùnrin yìí. Ó kú. Ẹ dúró díẹ̀. Òun nìyẹn lápá ẹ̀yìn, ó ti dìde, ó ń gbọn aṣọ. Fìlà rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí. Ibo lẹ tún ti lè rí àjálù tí kì í pa èèyàn?"

"Kò pa èèyàn nítorí pé kò séèyàn níbẹ̀. Páálí lásán ni."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń rín."

Ó tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọkọ lẹ́nu.

Àlùmọ́gàjí mọ̀ pé omi ló gbé ìyá ìyàwó òun lọ nígbà tí ìyàwó òun ṣì wà ní kékeré. Ohun tó mọ̀ mọ nìyẹn. Kò sí fọ́tò ìyá náà. Kò sí fọ́tò ilé tí wọ́n gbé. Omi kó gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin náà kì í sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ kì í sì í bi í. Àwọn tọkọtaya kan wà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n máa ń rìn yí kòtò kan po nínú ilé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbojú wo inú rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ọ̀gá Àjálù ní fíìmù omíyalé ló kàn. "Omi Jẹ Ìlú" ló pè é.

Inú ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n ti yà á. Káfíńtà to tábìlì pọ̀, ó fi páálí kan ìlú kékeré kan sórí rẹ̀: ilé, ọ̀nà, afárá, ilé tí kò ga ju ìgò lọ. Ó fi ọ̀dà kùn wọ́n. Ó to ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé sáàárín títì. Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà gbìyànjú. Ọ̀gá Àjálù rìn yí tábìlì náà ká, ó fajú ro.

"Káfíńtà, àwọn ilé yìí dára jù."

"Ẹ ṣé, sà."

"Mi ò yìn ọ́. Bà wọ́n jẹ́ díẹ̀. Páálí tí wọ́n kọ 'Ọṣẹ Ìfọṣọ' sí lára yẹn, o lọ fi ọ̀dà bò ó. Kí lo rò pé wọ́n ń bọ̀ wá wò? Ha á, jẹ́ kí wọ́n rí ọṣẹ!"

Káfíńtà wo Àlùmọ́gàjí. Àlùmọ́gàjí wo òkè àjà.

Wọ́n da omi sílẹ̀ láti inú àwọn garawa. Ilé páálí rọ. Wọ́n tẹ̀, wọ́n dojú dé, wọ́n léfòó lọ bí ewé. Àwọn òṣèré dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ gúgúrú, ó ń pariwo, ó ń jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gba ìró omi náà sílẹ̀. Ọ̀gá Àjálù ní kí wọ́n má ṣe gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá rárá. Ó ní ẹnu lòun máa fi ṣe ìró omi tó bá yá. Ṣùùù. Ṣùùù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán gangan ni Àlùmọ́gàjí jókòó ti iṣẹ́ náà. Yàrá tó ti ń gé fíìmù, aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo fèrèsé rẹ̀. Béèyàn bá ti ilẹ̀kùn, òru dé nìyẹn. Fáànù ń yí. Kò sí ohun mìíràn tó ń dún.

Ó ń wo bí omi ṣe ń gba orí tábìlì kọjá. Ilé kan ṣubú. Òmíràn ṣubú. Ó ń pòṣé ní tirẹ̀.

Ilé kan kò ṣubú.

Ó dá fíìmù náà dúró. Ó dá a padà. Ó tún un wò.

Apá ẹ̀yìn ni ilé náà wà, níbi tí iná kò tàn dé dáadáa. Ilé kékeré, onípáànù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń bó nísàlẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, fèrèsé tóóró. Omi kọ lù ú, ó pín sọ́tùn-ún, ó pín sósì, bí omi ṣe máa ń pín lára ògiri tòótọ́. Ilé náà kò rọ. Kò léfòó. Omi kàn ń gùn ún lọ sókè ni, díẹ̀díẹ̀.

Àlùmọ́gàjí sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ó nawọ́, ó pa fáànù. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó tún fíìmù náà bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Inú ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ló ti ń wá. Kì í sì í ṣe ẹni tó wà níta ló ń kànkùn. Ẹni tó wà nínú ni. Kò kàn án kíkankíkan. Jẹ́jẹ́ ló ń kàn án, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan wà níta tó ń gbọ́, tí kò sì fẹ́ dẹ́rù bà á.

Àlùmọ́gàjí jáde sínú oòrùn. Ó gba ilé ìkẹ́rùsí lọ. Ó bá káfíńtà níbi tó ti ń kó páálí tútù jọ.

"Káfíńtà, ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé dà?"

"Èwo nìyẹn?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn. Onípáànù."

"Ọ̀gá, páálí ni gbogbo ilé tí mo kàn. Mi ò lo páànù."

Àlùmọ́gàjí fi àwòrán ilé náà, tó ti fi fóònù yà lójú kọ̀ǹpútà, hàn án. Ọkùnrin náà wò ó. Ó pẹ́ lójú rẹ̀. Ó dá fóònù padà, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan tútù.

"Èmi kọ́ ni mo kan ilé yìí," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́."

Ọ̀gá Àjálù ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Gbogbo ilé léfòó, ọ̀kan ní òun ò lọ? Ẹnì kan tún wá ń kànkùn láàárín omi? Ó burú! Ọmọ, ó burú dáadáa! Fi sílẹ̀!"

"Ọ̀gá, a ò mọ ibi tó ti wá."

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Ṣé àwọn tó ń bọ̀ wá wò ó ló fẹ́ mọ̀? Máa gé e wá jàre."

Àlùmọ́gàjí padà sídìí iṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e láti gé apá ibẹ̀ kúrò. Ó wo gbogbo ohun tó yí i ká: ọkọ̀ ìṣeré tó dojú dé, páálí ọṣẹ, òṣèré tó fi gúgúrú há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Kí ló kàn mí, ó ní. Pàǹtí ni. Kó máa kún lọ. Ó fi ilé náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó nígboyà. Ìríra lásán ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han aráyé, nínú gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ kan tí àga rẹ̀ ti ya. Ó kún fọ́fọ́. Ẹnì kan dé garawa lórí. Òmíràn gbé agbòòrùn wá. Òmíràn fi táyà ọkọ̀ kọ́ ọrùn, ó ní òun ò fẹ́ rì. Ẹ mọ irú wọn. Wọn kì í wá wo fíìmù. Wọ́n máa ń wá wo bí àwọn ṣe gbọ́n ju fíìmù lọ ni. Ẹni tí kò lè kọ ìlà ìtàn kan ṣoṣo, tí kò lè kan ilé páálí kan ṣoṣo, òun ló máa kọ́kọ́ kígbe pé ẹ wo páálí.

Ìyàwó Àlùmọ́gàjí jókòó ti ọkọ rẹ̀. Aṣọ tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n pa iná. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa la máa kú!" òṣèré wí. "Gbogbo wa la máa kú!" gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn. Ọ̀gá Àjálù dìde níwájú, ó tẹrí ba fún wọn.

Omi wá dé.

Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ dá. Kò dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó já bí òwú.

Lójú aṣọ sinimá ńlá yẹn, ilé náà tóbi ju bó ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà lọ. Ojú ìṣó hàn lára páànù rẹ̀. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹyẹ kan, bí ọmọdé ṣe ń ya ẹyẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì gùn jù. Àlùmọ́gàjí kò rí ẹyẹ yìí rí.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún àlejò!" ẹnì kan kígbe. Òmíràn kan apá àga rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ẹni tó jókòó tì í gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo èrò ló ń kan àga. Wọ́n ń kàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká.

"Ilé wa nìyẹn," ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Kí lo wí?"

"Ilé wa. Èmi ni mo ya ẹyẹ yẹn." Ọwọ́ tó fi di apá ọkọ rẹ̀ mú ti tutù. "Ta ló sọ fún yín? Ta lẹ bi?"

"Kò sẹ́ni tí mo bi. N kò tiẹ̀ mọ..."

Nǹkan kan gba ojú fèrèsé kọjá, nínú fíìmù náà. Ó lè jẹ́ aṣọ. Ó lè jẹ́ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ dìde dúró nínú òkùnkùn. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ọmọ tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé.

"Màámi, mo ń bọ̀."

Kíkàn inú fíìmù dáwọ́ dúró. Kíkàn àwọn èrò kò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà kò bọ́ aṣọ, kò bọ́ bàtà. Orí àga ìránṣọ ló jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́.

"Omi ti dé ìdodo mi kí Màámi tó gbé mi gba ojú fèrèsé jáde. Fèrèsé yẹn ò gba àwọn. Wọ́n ní kí n lọ fa ilẹ̀kùn láti ìta. Mo fà á. Omi ti tì í pa. Mo fà á títí ìka mi fi bó. Wọ́n ń kàn án kí n lè mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní, má sunkún, ṣáà máa fà á. Nígbà tí Bàámi dé, àwọn náà fà á. Kò ṣí. Wọ́n bá gbé mi sáré lọ sórí òrùlé ilé ìwé. A ń gbọ́ ọ láti ibẹ̀."

Ó bojú wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

"A ń gbọ́ ọ títí tó fi dákẹ́."

Ọkọ rẹ̀ dìde. Ó lọ kúnlẹ̀, ó bá a bọ́ bàtà.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àjálù. "Ẹ jẹ́ ká yọ apá ibẹ̀. Ẹ dákun. Ẹ wo ti ìyàwó mi."

"Yọ kí ni?" Ọ̀gá Àjálù na fóònù sí i. "Ìkànkùn yẹn ni gbogbo ayé ń wí! O ò rí i?"

Òótọ́ ni. Wọ́n ti gé apá ibẹ̀ nìkan sórí fóònù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kan tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá wọn, wọ́n á sì sá lọ. Àwọn tó ń ta ọṣẹ fi polówó ọṣẹ. Níbikíbi tó o bá yà sí, kọ̀, kọ̀, kọ̀, ẹ̀rín á sì tẹ̀ lé e. Èèyàn kan kú sínú omi, aráyé sọ ọ́ di àwàdà. Wọn ò mọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò béèrè pẹ̀lú.

Nínú ilé Àlùmọ́gàjí, nǹkan yí padà. Ìyàwó rẹ̀ á máa ránṣọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kànkùn. Á dá ẹ̀rọ dúró, á gbórí sókè, á ní "Mo ń bọ̀." Á dìde, á lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Lẹ́yìn náà á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á padà wá jókòó. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ìrònú ni. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Bí obìnrin náà bá ti dìde báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹ̀rín aládùúgbò wọn á fi gba ara ògiri wọlé. Obìnrin yẹn ń wò ó lórí fóònù ni. Ìgbà tí aládùúgbò kò sí nílé ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń dìde. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ayé fẹ̀. Fóònù pọ̀.

Obìnrin náà kò jẹun mọ́ bó ṣe yẹ. Ó gbẹ. Aṣọ oníbàárà ń ga jọ sórí àga.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, aládùúgbò wọn wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Ẹ wò ó! Wọ́n ti yọ kọ̀-kọ̀-kọ̀ kúrò. Ta ló ba eré wa jẹ́?"

Àlùmọ́gàjí gba fóònù náà. Omi ń bọ̀, páálí ń léfòó. Níbi tí ilé onípáànù wà tẹ́lẹ̀, orí tábìlì lásán ni. Omi gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé nǹkan kan kò dúró síbẹ̀ rí. Kò tíì gbójú kúrò nínú rẹ̀ tí fóònù tirẹ̀ fi dún. Ọ̀gá Àjálù ni.

"Ta ló ní kó o gé e?"

"Mi ò gé nǹkan kan."

"Mo ṣí ti ọ́fíìsì, kò sí níbẹ̀! Mo ṣí ti gbọ̀ngàn, kò sí níbẹ̀! Ibo lo gbé e sí?"

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Kò wá láti inú fóònù. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn ni.

Aládùúgbò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Ta ló wà nínú yàrá yín?"

"Kò sẹ́nì kankan," Àlùmọ́gàjí dáhùn.

Aládùúgbò gba fóònù rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, kò dágbére.

Ìyàwó rẹ̀ ti dé ìdí ilẹ̀kùn. Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú. Ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí atẹ́gùn lásán máa ń ṣí. Ó fà á. Kò mira.

"Má ṣí i," ọkọ rẹ̀ wí. "Mo bẹ̀ ọ́."

"Ìgbà yẹn, ọmọdé ni mí." Kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ wá bá mi fà á."

Fóònù ti jábọ́ lọ́wọ́ Àlùmọ́gàjí. Ọ̀gá Àjálù ṣì ń pariwo nínú rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ pé wọ́n ti ba ọjà òun jẹ́. Àlùmọ́gàjí gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n jọ fà á. Ó wúwo. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ìlú fẹ̀yìn tì í. Lẹ́yìn pákó, níbi tí àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn, ìkànkùn náà ń lọ jẹ́jẹ́. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Ó ti ń rẹlẹ̀.

"Ẹ pe káfíńtà," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ẹ ṣe kíá. Ó ti fẹ́ dákẹ́."

Káfíńtà kò jìnnà. Ó sáré dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó yí padà, ó fẹ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá káfíńtà," obìnrin náà ní. "Ìyá mi ni."

Ọkùnrin náà dúró. Ó wo ojú rẹ̀. Ó sọ àpò kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin tó gbẹ̀yìn já. Wọ́n fa ilẹ̀kùn náà tòun ti férémù, ó sì wó lé wọn lára.

Yàrá dákẹ́.

Ibùsùn wà níbẹ̀. Àpótí wà níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká wà lórí àpótí. Eruku wà nílẹ̀, eruku gbígbẹ, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì gba ojú fèrèsé tàn sí i. Kò sẹ́nì kankan.

Káfíńtà ló yí ilẹ̀kùn náà padà. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú yàrá tutù rinrin. Láti ìsàlẹ̀ lọ, títí dé ibi àyà àgbàlagbà, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Lókè ibẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ojú kan wà lápá tó gbẹ náà tí ọ̀dà ti bó, ojú roboto, bí ibi tí ìka ọwọ́ ti ń kàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Obìnrin náà fi ìka tirẹ̀ kàn án. Ó bú sẹ́kún. Ó pẹ́ gan-an kó tó dákẹ́. Káfíńtà ti lọ nígbà náà, kò sì padà wá gba irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Àjálù ti ń ya fíìmù mìíràn. Òjò òkúta ló kàn, fóòmù ni wọ́n fi ṣe òkúta. Ó ránṣẹ́ pe Àlùmọ́gàjí, Àlùmọ́gàjí kò jẹ́ ẹ. Ní ti àwọn ọlọ́gbọ́n ayé, wọ́n ti gbàgbé. Bí ẹ bá kan tábìlì níwájú wọn lónìí, wọn ò ní mọ ohun tí ẹ ń sọ. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń rín báyìí.

Ìyàwó Àlùmọ́gàjí ti ń jẹun. Ó ti ń ránṣọ padà. Kì í dìde mọ́, kì í sì í wo fíìmù àjálù mọ́. Wọn kò fi ilẹ̀kùn sí yàrá náà. Kọ́tìnnì ló rán síbẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn oníbàárà tó máa ń jókòó síbẹ̀ sọ pé nígbà míì, lọ́sàn-án gangan, tí atẹ́gùn kan kò fẹ́, kọ́tìnnì náà máa ń wú bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láti inú. Gbogbo wọn á yíjú síbẹ̀. Obìnrin náà kì í dá ẹ̀rọ dúró. Kì í gbójú sókè.

"Ẹ máa bọ̀, Màámi," á ní. "Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀ mọ́."

Kọ́tìnnì náà kì í tètè padà sáyè rẹ̀.